Èérí Ògì

Bí mo bá gbọ́ tí obìnrin kan ń ráhùn pé ìyá ọkọ òun burú, n kì í lè bá a dá sí i. Tèmi kò burú. Ìmọ́tótó rẹ̀ ló pọ̀jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó máa ń sẹ́ ògì kan ṣoṣo nílé wa ní Ìrókò: yóò fi asẹ́ sẹ́ ẹ, yóò fi aṣọ sẹ́ ẹ, yóò tún wá aṣọ tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ògì ọmọ kò gbọdọ̀ ní èérí kankan nínú. Èmi ni mò ń gbé àgbàdo lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, èmi ni mò ń pọnmi rẹ̀, èmi náà ni mò ń gbé èérí lọ fún ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Ọmọ mi àkọ́kọ́ ni mò ń sọ, obìnrin. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́wàá, kò fẹ́ jókòó, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, erùpẹ̀ ló ń bù jẹ. Ewúrẹ́ ń dán, àwọ̀ ọmọ mi ń ṣá. Bí mo bá ti oko dé, tí mo sọ ẹrù kalẹ̀, tí mo bá rí i bó ṣe sùn gbalaja sórí ẹní ní ọ̀sán gangan, ó máa ń ṣe mí bíi kí n dùbúlẹ̀ tì í, kí n má dìde mọ́.

Mo pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú wọn fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó fi inú rẹ̀ hàn mí, funfun báláú. Ó bi mí pé kí ni ọmọ ń jẹ. Mo ní ògì. Ó ní kí ló tún ń jẹ. Mo ní ògì náà ni. Ó ní púpọ̀ nínú ohun tó yẹ kó di ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ, ara èèpo àgbàdo ló wà, a sì ti sẹ́ ẹ dànù. Kí n máa fi ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀ kún oúnjẹ rẹ̀. Ó fún mi ní ìgò oògùn kan, ó ní oògùn nìkan kò tó. Bí ojú náà bá ṣì funfun bẹ́ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, Ìbàdàn ni wọn yóò gbé e lọ láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, òun kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò débẹ̀ láàyè.

Mo délé, mo ròyìn. Ìyá ọkọ mi kò pariwo.

"Ìyàwó," ó ní, "ọmọ tí wọ́n bá ti fi ẹja kọ́ lẹ́nu láti kékeré, ìdí ìkòkò ni yóò máa gbé. Ṣé olè lo fẹ́ bí fún mi ni?"

Ọkọ mi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní ògì náà ni wọ́n fi tọ́ òun. Agara ti dá mi ju kí n bá ẹnikẹ́ni jiyàn lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń gún ẹja gbígbẹ kúnná, tí mò ń dì í mọ́ etí ìró mi. Orí ló bá mi ṣe é: àsìkò náà ni ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ gbé èérí lọ fún ewúrẹ́, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, mo ti da ẹja sínú ẹ̀kọ. Lóko, mo ń tẹ ẹ̀wà fún un. Nítorí kí ọmọ má baà jalè, èmi ìyá rẹ̀ di olè nínú ilé ọkọ mi.

Nígbà tí oṣù pé, inú ìpéǹpéjú náà ti pọ́n díẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ fi ń rá lé adìyẹ káàkiri àgbàlá. Ìyá ọkọ mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run fi ògì ẹlẹ́ẹ̀mẹta wo ọmọ òun sàn. Gbogbo ìjọ jó. Èmi náà jó, ìdí ń ro mí, inú sì ń bí mi gidigidi.

Ọdún gorí ọdún. Eyín tán lẹ́nu ìyá ọkọ mi, ó wá dùbúlẹ̀ àìsàn, ó tún kù sí èmi láti máa po ẹ̀kọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọwọ́ mi tó ti mọ́ ọn lára da ẹja sí i. Ó tọ́ ọ wò.

"Ẹja wà nínú ẹ̀," ó ní. "Bó ṣe ń ta sánsán níjọ́sí náà nìyí."

Mo béèrè pé ṣé ó mọ̀ nígbà náà ni.

"Kí lo rò pé mò ń wá lọ́dọ̀ ewúrẹ́ tí mo fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?" Ó gbé ẹ̀kọ ẹnu rẹ̀ mì. "Àwọn méjì tó ṣáájú ọkọ rẹ, ògì funfun yẹn ni mo fi tọ́ wọn. Wọn ò dúró. Bí mo bá fẹnu ara mi sọ pé kó o fi ẹja sí i, mo ti gbà nìyẹn pé èmi ni mo pa wọ́n."

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó la ẹnu, mo sì bu ẹ̀kọ sí i.