Iṣan Tí Mo Fi Báírò Sàmì Sí

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ abẹ iṣan kì í pariwo. Ní ilé ìwòsàn kékeré tá a ti ń ṣe é ní Ọgbà, ojú aláìsàn máa ń là sílẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ nìkan la máa ń fi abẹ́rẹ́ pa kú, wọ́n á sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà. Torí náà, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi máa ń ba ti ọmọlọ́mọ jẹ́.

Òfin kan wà tá ò gbọ́dọ̀ rú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú lẹ́sẹ̀ kì í hàn mọ́ béèyàn bá ti dùbúlẹ̀, orí ìdúró la ti gbọ́dọ̀ fi máákà sàmì sí i. Ẹnì kan nínú àwa tá à ń kọ́ṣẹ́ gbàgbé, ó ní kí aláìsàn tún dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá lé e. Àràárọ̀ ló wá ń sọ fún wa pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ò fẹ́ di olùkọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá a ṣe, ìyá kan ni mo bá pàdé. Orí ìdúró ni wọ́n ti ń di bísíkíìtì sí páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Agége láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Iṣan ẹsẹ̀ òsì wọn lọ́ bí okùn kànga. Mi ò rí máákà, ni mo bá fi báírò sàmì. Òmùgọ̀ ni mí. Nọ́ọ̀sì fi sípírítì nu ẹsẹ̀ náà, báírò sì bá a lọ.

Ẹsẹ̀ wá dán bọ̀rọ́ níwájú mi. Ó yẹ kí n kàn ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀." Ṣùgbọ́n ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Mo bá fojú díwọ̀n ibi tí mo rò pé iṣan náà wà.

"Dókítà, èyí tó ń dùn mí sún sẹ́yìn díẹ̀ o."

"Màmá, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi."

Wọ́n yíjú sí àjà. Ojú ibi mẹ́fà ni mo fi abẹ là.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n padà wá. Bí wọ́n ṣe dìde dúró, iṣan náà yọ gbọ̀ọ̀rọ̀, ojú àpá mi sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó wò mí. Mo ti ń di ẹrù mi nínú ọkàn.

"Màmá, ṣé ẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ìdúró yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ ní kí n fi sinmi, mo lò ó pé."

"Ìdúró yẹn ló fà á."

Kì í ṣe èmi ló ń gbà sílẹ̀, orúkọ ilé ìwòsàn rẹ̀ ni. Ìyá náà yíjú sí mi.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Ọ̀gá ń dúró de ohun tí màá sọ. Ojú tì mí. Síbẹ̀, mo lanu, mo ní, "Kò burú, Màmá. Ẹ má jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ mọ́."