Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Fún Mi Nínú Fíìmù

Mo rántí ìgbà tí ojú ìyá mi ti ṣókùnkùn tán, tó jẹ́ pé etí ló fi ń wo fíìmù. Ọ̀sán Sátidé ni a máa ń wò ó, nínú ilé wa ní Òkè-Sopẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Á jókòó sórí àga tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ, á ká ẹsẹ̀, á ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n. Èmi á jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá máa ròyìn ohun tí ojú mi ń rí fún un: ó ti wọlé, ó ti mú ìgò lọ́wọ́, ó fẹ́ da nǹkan sínú ọtí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nílé tiwa, etí ló wà.

Ìròyìn lásán ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó di ọjọ́ kan tí ọba kan wọlé nínú fíìmù, ó dé adé, ó wọ ìlẹ̀kẹ̀, ó sì wọ sílípáàsì ilé ìwẹ̀. Mo ní, “Màámi, kábíyèsí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ìwẹ̀ bọ̀ ni o.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìkà tí ẹ̀rín bá wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ni. Ìyá mi fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tútù. Òun ni olórí akọrin obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, bí ẹnìkan bá sì ń ṣi ohùn gbé, kì í lé e kúrò. Á ní, “Ìwọ, máa la ẹnu lásán, má mú ohùn jáde.” Obìnrin náà á dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, á máa la ẹnu, á máa pa á dé, títí orin á fi parí.

Agọ́-Ìwòyè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé sórí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá lọ fún ọlidé gígùn, ṣọ́ọ̀bù á dá, òjò á máa rọ̀, fíìmù tuntun á sì máa tú jáde lọ́tùn-ún lósì, nítorí àwọn onífíìmù mọ̀ pé aráyé jókòó sílé. Màá wò wọ́n tán, màá gba ohùn mi sílẹ̀ lórí fóònù, màá fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù kan, àwọn yẹn á sì fi ránṣẹ́ sí òmíràn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo sọ nípa òṣèrébìnrin kan pé ẹkún rẹ̀ dà bí ẹ̀rọ omi ìjọba, ariwo ni, kò sómi. Mo sọ nípa bàbá kan tó kú níbẹ̀rẹ̀ fíìmù pé mo rí ikùn rẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, pé kí wọ́n fún òkú náà lóúnjẹ kí wọ́n tó lọ sin ín. Èyí tí mo kórìíra jù ni kí fíìmù dé ìparí láìparí, kí wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká máa retí apá kejì. Mo máa ń ní, “Apá kejì kẹ̀? A ò tíì sinmi lọ́wọ́ apá kìíní! Ẹni tó bá ń retí apá kejì fíìmù yìí, kó kúkú máa retí kí òkú bàbá rẹ̀ padà wálé.”

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ṣe sí i. Wọ́n sọ mí ní Lámèyítọ́. Orí mi wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ẹ ò sì gbọdọ̀ bi mí ohun tí mo ti ṣe rí nínú iṣẹ́ fíìmù, nítorí mi ò tíì di kámẹ́rà mú rí láyé mi.

Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Ìlapòrú, gbé fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Agọ́-Ìwòyè ló ti kàwé, àní èmi ni mo bá a tẹ ìwé àṣekágbá rẹ̀. Ìtàn ilé Ìjẹ̀bú kan ló ṣe, kò sì fi bẹ́ẹ̀ burú, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n wọ́n kan ilẹ̀kùn nínú rẹ̀, ìyá arúgbó inú ilé sì dáhùn pé “Ta ni yẹn?”, ó là á gaara bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Háà! Mo bú ọmọ náà bí ẹni láyin. Mo ní ìyá Ìjẹ̀bú wo ló ń jẹ́ ta ni yẹn? Yèsí ni àwa ń pe ta ni. Mo ní, “Ẹ wá kan ilẹ̀kùn ìyá mi l’Ókè-Sopẹ́n. ‘Yèsí?’ lẹ máa gbọ́, ẹ ó sì ti mọ̀ pé ẹ ti dá ẹnìkan láàmú. Ẹni tí kò mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dáhùn ilẹ̀kùn, kí ló fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe? Kó lọ máa fi ya pásípọ́ọ̀tù!”

Pásípọ́ọ̀tù yẹn ni gbogbo èèyàn gbá mú. Kò síbi tí ọmọkùnrin náà gbà kọjá tí wọn ò ní ní kó wá ya àwọn. Inú mi dùn. Nígbà tí mo gbé ohùn náà sí ìyá mi létí, ó ní, “O mà ṣèkà o.” Ó wá ní kí n tún un gbé sí i.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin náà pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ẹ̀ jẹ̀bi. Mo ń ṣe fíìmù míì ní Òde-Omi. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀, á sì dáhùn. Ta ni mo tún lè lò tó ju ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lọ?” Igi gogoro tó fẹ́ gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi ò wò ó rárá. Mo rò pé adé ni wọ́n fẹ́ fi dé mi lórí.

Mo sáré sọ fún ìyá mi. Ó bèèrè iye ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ.

“Ẹyọ kan ni, Màámi.”

“Ẹyọ kan náà tó. Mi ò rí ojú ẹ mọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé bó ṣe rí. Ohùn ẹ ni mo fẹ́ gbọ́ nínú àpótí yẹn kí n tó kú. Ṣáà rí i pé o pè é dáadáa.”

Kí ọjọ́ ìsinmi tó ṣú, ó ti sọ fún gbogbo àwọn akọrin pé ọmọ òun ń bọ̀ nínú fíìmù, kí wọ́n dẹ etí wọn sílẹ̀.

Ọ̀nà Òde-Omi jìn sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Mọ́tò gbé wa títí ilẹ̀ fi tán, a wá wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo jókòó láàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja, mo ń pe ọ̀rọ̀ mi lábẹ́ ahọ́n: yèsí, yèsí. Ọlọ́kọ̀ yíjú padà, ó ní, “Kí lẹ wí?” Mo ní kò sí nǹkan. Nǹkan wà. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé mi ò pe ọ̀rọ̀ náà rí. Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá mi nígbà ayé rẹ̀. Bí a bá fi ẹnu Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, á ní “Ará oko!”, pàṣán á sì tẹ̀ lé e. Ìyá mi nìkan ni kò lè nà. Etí mi gbọ́ èdè ìlú mi dé gbòǹgbò, ẹnu mi ò dé ibẹ̀ rí.

Wọ́n wọ dàńṣíkí kan sí mi lọ́rùn, wọ́n tan iná sí mi lójú, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo la ẹnu. “Ta ni yẹn?” ló jáde, ó là gaara bíi ti arúgbó ìjọ́sí. Ẹ̀rín bú. Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn. Mo fi agbára sí i, mo ní “Yẹ́sì!”, gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ sì dáhùn pa pọ̀ pé “Yẹ́ẹ̀sì sà!” bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ń pe orúkọ rẹ̀. Òógùn bò mí. Mo tún un pè títí, ó ń jáde bí ìgbà téèyàn ń sín. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé wá dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń bá mi pè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ìrákòrò ní ìrìn. Olùdarí fíìmù, ọmọ Ìlapòrú yẹn, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó ti tó, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tẹ́ ẹ pè gbẹ̀yìn yẹn dáa gan-an.” Mo gbà á gbọ́, èmi Lámèyítọ́ tí irọ́ kankan kì í kọjá lójú mi.

Fíìmù náà jáde ní ọlidé tó tẹ̀lé e. Òjò ń rọ̀ sórí páànù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá mi wẹ̀, ó wọ aṣọ ìsìn, ó we gèlè, ó jókòó sórí àga. Nígbà tí mo fẹ́ máa bú òṣèré kan, ó ní kí n dákẹ́ kí òun lè gbọ́ràn. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilé etí omi yẹn fi yọ, mo sì rí ara mi. Ìmú mi kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, mo la ẹnu.

“Yèsí?”

Ó pé. Ó wúwo, ikùn ló ti wá, ó sì dùn létí. Kì í ṣe ohùn mi. Ohùn tó pè mí lórí fóònù ni, ohùn ọmọ Ìlapòrú. Ó ti yọ tèmi kúrò, ó ti fi tirẹ̀ sí mi lẹ́nu. Mo kàn ń la ẹnu lásán ni.

Ìyá mi lu apá àga. “Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ gbọ́ ọkùnrin! Ìyá Ìjẹ̀bú ló bí ìyẹn!” Ó wá kọ etí sí mi. “Yèsí nìyẹn?”

Bí mo bá ní èmi ni, á ní irọ́ ni, òun mọ ohùn ọmọ òun. Bó bá sì gbà pé ojú mi ni, ohùn ẹlòmíì, á mọ̀ pé ìyà tí òun fi ń jẹ àwọn tí kò mọ orin ni wọ́n fi jẹ ọmọ òun lójú ayé. Mo ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n, Màámi. Òṣèré kan ni.”

“Báwo ló ṣe rí?”

Mo sì sọ fún un, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ní orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lókè bí ìbẹ́pẹ, ìmú rẹ̀ ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, dàńṣíkí tó wọ̀, ó dájú pé ẹni tó ni ín ṣì ń wá a. Mo ní ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun kó wá jẹ́rìí ní kóòtù. Mi ò bú òṣèré kankan tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi etí gèlè nù ún.

“Ojú burú, ohùn dáa,” ló wí. “Ọlọ́run kì í fúnni ní méjèèjì. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo ló máa kàn ẹ́?”

Mo ní ó kù díẹ̀. Ó jókòó, ó ń retí, títí orin ìparí fi dún. Ó ní, “O ò tíì sọ̀rọ̀.”

“Apá kejì ni, Màámi. Apá kejì ni wọ́n fi mí sí.”

Mo pe ọmọkùnrin náà lọ́jọ́ kejì, mo bú u, mo bú ìyá tó bí i. Ó jẹ́ kí n bú tán. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jẹ́ n ya yín ní pásípọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kan. Ìyẹn ò gba ohùn.” Ó pa fóònù.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Kò sí apá kejì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn, bí ọlidé bá ti wọlé, tí ìyá mi gbọ́ pé fíìmù tuntun ti jáde, á ní, “Tìẹ ńkọ́?” Èmi á ní wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́wọ́. Àwọn akọrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú, wọ́n ti rí mi nínú fíìmù yẹn. Bóyá wọn ò sọ fún un, bóyá wọ́n sọ, tó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mi ò mọ̀. Ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà. Nígbà tí àìsàn tó mú un lọ dá a sórí ibùsùn, ó tún bèèrè. Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ní, “Kí wọ́n yára.”

Mo ṣì ń bú wọn o, ẹnu mi ò tíì rọ̀. N kì í kàn sọ̀rọ̀ apá kejì mọ́. Èmi nìkan ni mo ń gbé inú ilé Òkè-Sopẹ́n báyìí. Bí òjò bá ń rọ̀, tí n kò rí nǹkan ṣe, màá gbé fíìmù náà sí i, màá pa ohùn rẹ̀, màá dúró de ibi tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn, màá sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo ti ń pè é dáadáa. Kò kàn sẹ́ni tó máa bèèrè pé yèsí nìyẹn.