Ìrìn Àjò Wa sí Lọ́kọ́ja Nítorí Párì Rántí

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Rántí, ìyàwó mi, fi Ìyàrá sílẹ̀, ìlú wa tí mo ti ń ṣe tíṣà. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà. Rántí ti di olóògbé báyìí. Èmi nìkan ni mo kù láti sọ bí ó ti rí.

Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn èéyi, àrùn kan tí kì í wọ́pọ̀ jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì. Àrùn náà lọ, ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà ni egungun párì rẹ̀ ń lẹ̀ pọ̀, títí eyín òkè kò fi lè kúrò lórí ti ìsàlẹ̀ mọ́. Ògì àti omi ọbẹ̀ ni ó ń fà mu láàrín wọn. À ń lọ bá dókítà òyìnbó kan, bóyá ó lè ṣí ẹnu rẹ̀.

Láti Kàbà, níbi tí a ti wọ ọkọ̀, lọ́rì gba ṣílè mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kòtò ọ̀nà náà pọ̀ ju yangí rẹ̀ lọ. Awakọ̀ wo Rántí, ṣùgbọ́n èmi ni ó bi: "Tíṣà, kí ló ṣe wọ́n? Ṣé wọ́n ń gbọ́ràn?"

"Ẹnu rẹ̀ ni kò là. Etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan."

"Ìyàwó tí kò lè pariwo! Tíṣà, ẹ̀yin lẹ rí ìsinmi!"

Gbogbo lọ́rì rẹ́rìn-ín.

Ní Lọ́kọ́ja, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi obìnrin ni a wọ̀ sí. Ó gbé iyán kalẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, àlejò tí kò bu òkèlè kan, ó fura sí olóúnjẹ ni. "Ìyàwó, ṣé mo fi májèlé sí i ni?" Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ìgbà kẹrin lọ́jọ́ náà. "Kó ṣáà gbìyànjú, á là á," ni ó wí, bí ẹni pé agídí ni. Níkẹyìn, ó ra kúnú wá, ìyẹn ògì ọkà bàbà tí àwọn Hausa ń fi atalẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà bèèrè ohun tí Rántí ń fẹ́. Kí nọ́ọ̀sì tó túmọ̀, mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé ó fẹ́ máa jẹ iyán.

Rántí fọwọ́ kan orúnkún mi, ó sì sọ̀rọ̀ láàrín eyín rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. "Tíṣà, ẹ dákẹ́ ná." Ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Mo lóyún oṣù méjì. Bí èébì bá gbé mi, níbo ni yóò gbà jáde?"

Èmi kò mọ̀ pé ó lóyún. Èmi kò sì ronú kan èébì rí.

Dókítà ní òun kò lè fọwọ́ kan egungun náà títí yóò fi bímọ. Ó yọ eyín iwájú mẹ́rin, kí ọ̀nà lè wà.

Láti Ìyàrá dé Lọ́kọ́ja ni mo ń bínú sí àwọn tí ó ń bi mí ní ohun tí ó yẹ kí wọ́n bi Rántí. Ọdún mẹ́ta tí a ti fẹ́ra, èmi náà kò bi í.

Nígbà tí a dé ilé, àwọn aládùúgbò jáde wá kí wa bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa. "Òkun o! Tíṣà, ṣé wọ́n ti là á?"

Mo ní kí wọ́n bi í.

"Kò là," ni Rántí wí, "ṣùgbọ́n mo lè bì."

Wọn kò gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n sì yíjú sí mi. Èmi náà yíjú sí Rántí. Ó tún un sọ.