Ọgbọ̀n Yáàdì Tata Teryo

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìlú wa ìbá di olókìkí, Tata Teryo dúró.

Eré ọgọ́rùn-ún yáàdì ni wọ́n ń sá, ní Manila, lọ́dún 1913, níbi ìdíje ńlá tí àwọn ará Japan àti ará Ṣáínà ti wá bá wa figagbága. Ó yẹ kí wọ́n ti sá a tán láti aago mẹ́rin, àmọ́ àwọn ọlọ́lá tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bí ọ̀kan bá sọ tirẹ̀ tán, òmíràn á dìde láti fi tirẹ̀ lé e. Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó yìnbọn. Eleuterio Dimayuga, Teryo wa, tí a wá ń pè ní Tata, ìyẹn Bàbá, nígbà tó dàgbà, ọmọ ìlú wa ní Batangas, ọmọ ọdún méjìlélógún, ló wà níwájú. Ẹnikẹ́ni ò jiyàn ìyẹn. Nígbà tó dé àádọ́rin yáàdì, ó ti fi ìṣísẹ̀ méjì ṣáájú gbogbo wọn. Ibẹ̀ ló wà tí agogo àdúrà ìrọ̀lẹ́ fi dún ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn pápá.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Bí agogo yẹn bá dún, ẹni tó ń rìn á dúró, ẹni tó ń jà á sọ ọwọ́ kalẹ̀, obìnrin tó ń ro ọbẹ̀ á fi ìgbakọ sílẹ̀ nínú ìkòkò. A ó ṣí fìlà, a ó kí Màríà Wúńdíá lẹ́ẹ̀mẹta, ká tó máa bá tiwa lọ. Pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré. Teryo dúró gbagidi. Ó káwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba, àwọn yòókù sì ń kọjá lọ lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀.

Adájọ́ eré kan, ará Amẹ́ríkà, sáré wá bá a, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

“Kí lò ń ṣe níbí?”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni Teryo wí láìgbójú sókè, “ó ku ẹyọ kan.”

Nígbà tó ṣe àmín, wọ́n ti ká òwú tí wọ́n ta sí òpin eré. Ó fẹ́ sá ìyókù, ọlọ́pàá kan sì fà á lápá kúrò lójú ọ̀nà. Akọ̀wé tó ń kọ ipò àwọn sárésáré sílẹ̀ wò ó títí, ó béèrè pé ipò wo ni kí òun kọ fún un. Kò sá a tán, kò ṣubú, kò sì rú òfin kankan. Teryo ní, “Ẹ ṣì fi àyè mi sílẹ̀. Ọgbọ̀n yáàdì ló kù.” Akọ̀wé náà fi àyè náà sílẹ̀ lóòótọ́.

Ọmọ ilẹ̀ wa mìíràn wà nínú eré ọ̀hún tí kò dúró. Wọ́n bi í léèrè, ó ní òun ò gbọ́ agogo. Títí Teryo fi kú, kò sọ̀rọ̀ onítọ̀hún láìdáa. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ẹni tí etí ẹ̀ di ló yẹ kó máa sáré. Àwa tí etí wa là, ká máa lọ sóko.”

Nílé, ìlú pín sí méjì. Ọ̀gá ìlú, tó ti ní kí àwọn onífèrè dúró de Teryo lẹ́nu ọ̀nà ìlú, ní kí wọ́n kó fèrè wọn padà sílé. “Ẹṣin la rán lọ sí Manila,” ló wí, “òpó ni wọ́n dá padà fún wa.” Ṣùgbọ́n àlùfáà ìgbà náà gun orí àga ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, ó na ọwọ́ sí Teryo láàárín ìjọ, ó ní ẹ wo ọmọkùnrin tó fi Ọlọ́run ṣáájú ògo ayé. Àwọn ìyá àgbà ń nu ojú. Teryo jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹlẹ́rìí èké.

Isidra, tí í ṣe Nana Sidra, ìyá àgbà wa òní, ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nígbà náà, ló sọ fún wa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ohun tí Teryo wí nígbà tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Irọ́ ni Padre ń pa, Sidra. Mi ò rántí Ọlọ́run rárá. Ẹsẹ̀ mi ló dúró. Èmi gan-an ṣì ń sá lọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ayé ọkùnrin yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín la fi ń rín in. Ó fẹ́ dé òpin. Kò wá ife, kò wá ìyìn, ó kàn fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun gbé òun la agogo àdúrà kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun sá ọgbọ̀n yáàdì tó kù. Ó wọ̀n ọ́n sójú ọ̀nà ńlá ìlú, láti ẹnu ọ̀nà ilé oníbúrẹ́dì títí dé ìdí igi akáṣíà iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ eré Manila bá ti pé, yóò wọ ṣòkòtò péńpé funfun tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé oníbúrẹ́dì, yóò máa retí agogo. Agogo á dún, á ta gìjà síwájú, á gbé ìṣísẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, á sì dúró. Ọwọ́ á lọ sí àyà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1921 ó gbé ìṣísẹ̀ márùn-ún, a sì ń sọ ọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́dún kan, ó di òwú sí etí. Kò wúlò, nítorí ó rí gbogbo ìlú tó dúró ṣanṣan níwájú rẹ̀, ojú ló wá ń bá etí gbọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó di òwú sí etí, ó sì fi gèlè Sidra di ojú, ó ní kí oníbúrẹ́dì fọwọ́ gbá òun lẹ́yìn bí agogo bá ti dún. Oníbúrẹ́dì gbá a. Ẹ ò rí eré! Ó sá ogún yáàdì ó lé mẹ́ta, kò tíì sá irú ẹ̀ rí láti Manila, ó sì fi orí sọ Nana Pacing, obìnrin tó ń ta ìrẹsì dídì nínú ewé, ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ sáàárín ọ̀nà tó ń gbàdúrà. Ìrẹsì fọ́n ká. Nana Pacing kò pariwo títí ó fi ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló wá bọ́ sàlúbàtà rẹ̀.

“Tata Teryo! Ṣé Màríà ni ẹ̀ ń lé ni, àbí èmi?”

“Pacing, mélòó ló kù?” ni Teryo wí nílẹ̀, gèlè ṣì wà lójú ẹ̀. “Ẹ dákun, ẹ wọ̀n ọ́n fún mi, yáàdì mélòó ló kù?”

Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun ni wíwa kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ó rò ó pé bí ẹsẹ̀ òun bá kọ̀, ẹsẹ̀ ẹṣin ò ní kọ̀, nítorí ẹṣin kì í lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé oníbúrẹ́dì, ó di ìjánu mú. Agogo dún. Ẹṣin náà, tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án tó sì ti ń bá a dúró ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọdún mẹ́sàn-án náà, dúró, ó sì tẹrí ba. Teryo na án ní pàṣán kan. Ẹṣin bojú wẹ̀yìn, ó wò ó bí ẹni tí ìwà ọ̀gá rẹ̀ ń tì lójú. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí wọ́n bá bi í pé báwo lẹṣin ẹ ṣe wà, á ní, “Ó wà ní ipò oore-ọ̀fẹ́. Ó sàn jù mí lọ.”

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ràn án lọ́wọ́, ẹni náà sì ni Karpo, alágogo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ̀rẹ́ àtikékeré ni wọ́n, Karpo ló sì gbé ọmọ Teryo kan ṣoṣo síbi ìrìbọmi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní kumpare. Karpo kò ní aago rí láyé ẹ̀. Ó ní egungun ọrùn-ọwọ́ òun ló ń sọ aago mẹ́fà fún òun, kò sì sẹ́ni tó bá a níbi tó ti ṣàṣìṣe. Ìjì líle ti ká òrùlé ilé rẹ̀ lọ nígbà kan, orí ilé agogo ló wà, tó ń lu agogo tirẹ̀. Teryo lọ bá a níbẹ̀, lọ́dún tó pé ọmọ ogójì ọdún.

“Kumpare, fi ìmí mẹ́ta péré dá agogo dúró, kí n fi sá a dé òpin. Kò ju kéèyàn fọn imú lọ.”

“Fọn tìẹ kí n tó fà á.”

“Ta ló máa mọ̀?”

“Ẹni tí wọ́n ń lù ú fún.”

“Ìyá ni, kò ní bínú.”

“Ìyá tó bí mi kú ní aago mẹ́fà ku díẹ̀, Teryo. Mo wá sókè yìí, mo lu agogo, kí n tó lọ sunkún. Mi ò dá a dúró fún ìyá mi. Ṣé ìwọ wá jù ú lọ ni?”

Teryo wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Rárá,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti ń darúgbó.”

Karpo fa okùn, nítorí egungun rẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ wọn ò yéé mu kọfí pọ̀. Ní àràárọ̀, Karpo á wá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé Teryo, àwọn méjèèjì á dojú kọ igi ọsàn kan náà, Sidra á sì dúró láàárín.

“Sidra, bá mi sọ fún ọ̀gbẹ́ni alágogo pé kọfí ẹ̀ ń tutù.”

“Sidra, sọ fún un pé mo ti rí i.”

“Bi í bóyá egungun ẹ̀ sọ fún un pé òjò máa rọ̀.”

“Sọ fún un pé kò sọ ọ́.”

“Ẹ̀yin méjèèjì,” ni Sidra máa ń wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu kọfí yín kí n ráyè fọ ife.”

Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Ọmọ tí Karpo gbé síbi ìrìbọmi yẹn kú nígbà ogun, àwọn àgbà méjèèjì ló gbé e lọ sin. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ní ọjọ́ kejì wọ́n tún dákẹ́. Teryo ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé oníbúrẹ́dì mọ́ láti ọdún náà. Ṣòkòtò péńpé funfun náà di èyí tí Sidra fi ń bo ìkòkò. Bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, tí a ní, “Tata Teryo, mélòó ló kù?” ó máa ń dáhùn pé, “Ọgbọ̀n,” ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Àwa la ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1954, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ikọ́ ló mú un lọ. Ohun tó sọ kẹ́yìn fún Sidra ni pé kó má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára òkúta pé ó ti parí eré, nítorí irọ́ ni.

Inú òjò ni wọ́n ti sin ín. Karpo kò tẹ̀ lé òkú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí a fi gbé e jáde, ó ṣí fìlà, ó sì padà wọlé. Sidra ní kó máa bọ̀, Karpo ní, “Ta ló máa lu agogo?” Inú bí wa. A kùn sí i láti ibẹ̀ lọ, pé ọkàn òkúta ni ọkùnrin náà ní, pé kumpare ẹni kú, okùn ló ń rò.

Omi ti kún bo afárá, a sì lọ yí gba inú oko ìrèké. Ẹrẹ̀ mu wá dé orúnkún. Ìgbà tí a fi gun òkè kékeré tí ibojì wà, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn mẹ́fà tó gbé pósí sì ń mí hẹlẹ. Padre Anselmo, ọ̀dọ́mọdé àlùfáà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán sí wa, wo aago àpò rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú kan. Gbogbo wa wo ọ̀nà tó kù dé ibojì. Kò sẹ́ni tó ní ohun tí a fi ń wọn ilẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ iye rẹ̀, nítorí ojú wa ti wọ̀n ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí láti ilé oníbúrẹ́dì sí ìdí akáṣíà ni.

“Yéè,” ni Nana Pacing wí, “wọ́n á tún dá a dúró síbẹ̀.”

Àwọn tó gbé pósí dúró. A ṣí fìlà, òjò ń rọ̀ sórí wa. A káwọ́ lé àyà, a ń retí agogo.

Agogo kò dún.

Padre wo aago rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi í sí etí. Aago mẹ́fà ti kọjá. Láti orí òkè yẹn, ojú wa tó ilé agogo dáadáa. A rí Karpo níbẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọrùn síta nínú òjò, ó ń wò wá. Ó ń wò wá, kò fà á.

Sidra ló kọ́kọ́ yé.

“Kí lẹ wá ń wò?” ló kígbe. “Ẹ ò rí i pé ó ń dúró dè wá ni? Ẹ sáré! Ẹ gbé ọkọ mi sáré!”

Wọ́n sáré. Àgbà mẹ́fà nínú ẹrẹ̀, pósí ń fì lórí wọn, ọ̀kan pàdánù bàtà, kò bojú wẹ̀yìn. Gbogbo wa sáré tẹ̀ lé wọn, Padre ká aṣọ rẹ̀ sókè dé orúnkún, Nana Pacing ń pariwo pé, “Ogún! Ó ku ogún! Ó ku mẹ́wàá!” Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo rí i pé gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, ojú gbogbo wa sì tutù, kì í ṣe òjò nìkan. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí etí ibojì. Sidra fọwọ́ lu orí pósí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ó tó, bàbá. O ti dé.”

Nígbà náà ni agogo dún, gbogbo wa sì dúró.

Lọ́jọ́ kejì, Padre Anselmo pe Karpo, ó béèrè ìdí tí agogo àdúrà fi pẹ́. Karpo ń wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Padre. Aago mi ló dúró.”

Padre kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n òun náà ti mọ̀ pé Karpo ò ní aago. Ó ní kò burú, kó máa lọ, kọfí rẹ̀ á ti máa tutù. Karpo lọ sí ẹ̀yìnkùlé Teryo, ó jókòó, ó dojú kọ igi ọsàn. Ife méjì ni Sidra gbé wá.