Ta Ló Ń Gé Ewé Róòsì Màmá Moríyọ̀?

Imú ni Màmá Moríyọ̀ fi ń sọ̀rọ̀ tí inú bá ń bí wọn. Mo mọ̀ wọ́n sín jẹ gan-an: “Ta ló tún fọwọ́ kan róòsì mi-ín?” Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwọn ló ń to òdòdó ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá. Kọmpáǹdù kan náà la jọ ń gbé ní Ogui New Layout, níbi tí àwa Yorùbá ò pọ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé ẹnìkan ti gé ewé róòsì ní rọ́bọ́tọ́ rọ́bọ́tọ́. Wọ́n wo Bashiru, télọ̀ tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n wo àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀.

“Bashiru, ewé mi lo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ?”

“Kí ni mo fẹ́ fewé ṣe, Màmá? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?”

Yéè! Màmá ní ó rí àwọn fín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi dáhùn ìkíni rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni wọ́n máa ń bá sọ Yorùbá lálaalẹ́, torí tèmi, ìdajì rẹ̀ Pijin ni. Ni Bashiru bá gba yàrá sítòsí Artisan Market. Sátidé ló fẹ́ kó lọ.

Ní Fúráìdè, Màmá gbé àga síta, wọ́n fẹ́ mú olè. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń jẹ ẹ̀pà. Oyin kan ṣoṣo bà sórí ewé. Ó fẹnu gé e yípo, ó há a mọ́ abẹ́ ikùn, ó fò wọnú irin oníhò tí a ń so okùn aṣọ mọ́. Mo tan iná fóònù síbẹ̀. Ó ti fi ewé yẹn wé nǹkan bí ẹní pọ́n ẹ̀kọ.

“Ilé ọmọ ló ń kọ́,” Màmá sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n lọ kanlẹ̀kùn.

“Bashiru, wá wo nǹkan.”

“Mò ń dẹrù, Màmá.”

“Ẹrù ò ní sá lọ.”

Ó jáde. Oyin tún gbé ewé dé.

“Olè yẹn rèé,” ni Màmá wí.

Bashiru lanu. “Ó mà mọ nǹkan gé jù mí lọ o!”

Àgbà wo ló ń bẹ ọmọdé? Ṣùgbọ́n Màmá sọ ọ́, wéré, bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì: “Má bínú.”

Ni Bashiru bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bẹ̀ mí, Màmá. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn náà ò dáa.”

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n bá a tú ẹrù. Ó wá kù kó lọ sọ fún onílé kejì pé òun ò wá mọ́. Màmá ní àwọn á tẹ̀ lé e lọ.