Àga Iwájú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wa ní Ọ̀sì nígbà náà, bátìrì ọkọ̀ ló fi ń tàn án. Tí wọ́n bá ń ṣe ìjàkadì nírọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn ọkùnrin á jókòó nínú yàrá, àwa obìnrin á máa wòran lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, òmìrán kan fẹ́ bá ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jà. Mo ní tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa dá a. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ìyàwó, èyí kì í ṣe ìlasa sísè. Tó bá dá a, wá gba àga mi. Bí kò bá dá a, má dé ojú fèrèsé yìí mọ́."

Mo ní mo gbà.

Ṣé o rí i, ọmọ mi, mo ti ru iṣu ti oko bọ̀ títí. Ẹni tí orúnkún ń dùn, mo mọ bó ṣe ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Òmìrán yẹn ń ṣọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lò. Nígbà tó yá, tẹ́ẹ́rẹ́ gbá ẹsẹ̀ náà mú, òmìrán ṣubú gbì, kò lè dìde.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde, ó fọwọ́ nu àga. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Mo ní, "Bàámi, ẹ má bínú, àyè wà lójú fèrèsé."