Ìró Òfì Tó Di Aṣọ Ẹja

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, àmọ́ ẹja òkun tó ń sìn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó gbé àpótí dígí wọn sí ojú fèrèsé ilé wa ní Uwasota, ní ìlú Benin, kí àwọn tó ń kọjá lè máa wò ó. Kò pẹ́ tí ọbẹ̀dò fi bo dígí àti òkúta inú rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha á, ó pààrọ̀ omi oníyọ̀ náà, ọbẹ̀dò ṣáà ń pọ̀ sí i.

Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ fẹ́ wá ṣèpàdé nílé mi, ìdọ̀tí náà bí mi nínú, ó sì tì mí lójú, mo fi ìró òfì ìgbéyàwó mi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi ráhùn. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí inú mi á fi rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni inú mi ò fi rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ wa obìnrin yọjú wo abẹ́ aṣọ, ó pariwo: "Mummy, the water don clear o!" Àṣé oòrùn ojú fèrèsé ló ń bọ́ ọbẹ̀dò! A rẹ́rìn-ín títí.

Mo nawọ́ mú aṣọ mi, ọkọ mi dì í mú, ó ń bẹ̀ mí. Ó fi kọ́ ojú fèrèsé. Títí a fi kúrò ní Benin, ẹja lo òfì yẹn jù mí lọ.